Ìrìn-àjò Ọdẹ́jìnmí sí Ilé Ìyá Ọ̀rọ̀, nítorí Ọmọ Tó Ń Sọ Gbogbo Ọ̀rọ̀ Lórúkọ

Ẹ gbé bíró yín sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé wọ̀nyí, mo ní kí ẹ gbé e sílẹ̀. Mo kí yín pé ẹ kú ìjókòó, mo ní ẹ fara balẹ̀ bí òkúta inú odò, ìwọ tó wà lẹ́bàá fèrèsé sì ti kọ "símílì" sínú ìwé rẹ kí n tó mí. Ọmọ, ìkíni ni mo kí ọ. Ẹni tí a bá kí, a máa ń dáhùn ni.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yín tó dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún ló bẹ̀ mí wá. Ó ní ìdánwò yín ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ní ẹ mọ orúkọ gbogbo ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà ṣe ọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹ fi ẹyọ kan sọ̀rọ̀, ẹ ó máa wo òrùlé. Nígbà tí mo gbọ́, mo gbéra, nítorí ohun tó jọ ọ́ ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé èmi gan-an. Èmi Ọdẹ́jìnmí ọmọ Ìsàlú, tí ẹfọ̀n bá gbúròó mi tí á gbàgbé ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀, èmi tí mo ti bá iwin jẹun tí iwin sì fọ àwo, nǹkan kékeré báyìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Ẹ fetí gbọ́ ọ, ẹ má fi bíró gbọ́ ọ.

Mo bí ọmọbìnrin kan, Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀. Òun nìkan ni Olódùmarè fi ta èmi àti ìyá rẹ̀ lọ́rẹ. Láti kékeré ni ẹnu rẹ̀ ti dùn. Bí ó bá ń ròyìn ọjà tó lọ fún ọ, wàá gbọ́ òórùn ẹja. Ṣùgbọ́n ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì gbé e ṣubú, ó tún un ṣe, ó tún gbé e ṣubú, ibi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ ọnà-èdè ló sì ti máa ń kọsẹ̀. Inú bí i. Ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, ó ń há àwọn orúkọ náà sórí láàárọ̀, ó ń há wọn sórí nírọ̀lẹ́, a ó gbé oúnjẹ lọ, a ó tún gbé e bọ̀ bó ṣe wà.

Nígbà tó jáde, ọmọ mi kò sọ̀rọ̀ mọ́. Orúkọ ọ̀rọ̀ nìkan ló ń sọ. Mo ní, "Ìbídùn, ìwọ ni ojú tí mo fi ń ríran." Ó ní, "Métáfọ̀." Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ là ń pè é lédè wa, ìyẹn nígbà tí a bá pe nǹkan kan ní nǹkan mìíràn láìní ó dà bí i. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún, ó ní omijé òun tó omi tí odidi àdúgbò lè fi wẹ̀. Ọmọ wò ó, ó ní, "Hàípábólì." Àsọrégèé nìyẹn. Kò bá ìyá rẹ̀ sunkún, kò nu ojú fún un, ó kàn sọ ọ́ lórúkọ ni.

Àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n á wá sọ ọ̀rọ̀ sí i lára bí ẹni ń sọ òkò sí màngòrò, kí wọ́n lè gbọ́ ohun tó máa pè é. Àfi ọjọ́ tó jókòó ti iná tí iná mú etí ìró rẹ̀. Ìyá rẹ̀ pariwo pé, "Ìbídùn, iná ti ń lá aṣọ rẹ!" Ọmọ náà gbé ojú sókè pẹ̀lẹ́, ó ní, "Pẹsọnifikéṣọ̀n," torí pé iná kò ní ahọ́n tí yóò fi lá nǹkan. Kò dìde. Ìyá rẹ̀ ló gbé garawa omi dà lé e lórí. Àpá iná náà wà ní ojúgun rẹ̀ di òní.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rín tán. Dókítà yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Wòlíì wá, ó kígbe mọ́ àìsàn náà pé kó jáde, kó máa lọ. Ìbídùn ní, "Àpọ́sítirófì," torí pé ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni wòlíì ń bá wí. Wòlíì ká aṣọ rẹ̀, ó bínú lọ. Ni ìyá Ìbídùn bá kọjú sí mi. Ó ní ojoojúmọ́ ni mo ń fọ́nnu pé kò sí igbó tí n kò wọ̀ rí. Ó ní, "Bàbá Ìbídùn, igbó kan wà tí ọ̀rọ̀ ti ń wá. Lọ bá mi mú ohùn ọmọ mi bọ̀. Bí o kò bá rí i, má gbé ẹran kankan wá fi tàn mí."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Kí ni ọkùnrin fẹ́ wí sí èyí? Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo di iṣu sísun sínú rẹ̀, mo kọrí sí Igbó Ahọ́n, níbi tí wọ́n ní Ìyá Ọ̀rọ̀ tó ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń gbé.

Ẹnu ọ̀nà igbó náà ni mo ti pàdé iwin kan tí wọ́n ń pè ní Pèsìjẹ. Ó ní ẹnu méjì, kò ní etí kankan. Bí mo ti yọ ló ti gbójú mọ́ mi, ó ní, "Ṣé ilé bàbá rẹ nìyí?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní rárá o, ilé bàbá mi wà ní Ìsàlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alágbẹ̀dẹ, bí èèyàn bá ti kọjá igi ọsàn. Ó fi ẹ̀ka igi nà mí. Ó ní, "Ṣé èmi àti ìwọ jọ jẹun rí ni?" Mo ní a kò tíì jẹun pọ̀, ṣùgbọ́n bí ebi bá ń pa á, iṣu wà nínú àpò mi. Ó tún nà mí. Ó ní, "Ojú mi ni o wá rí ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn ọmọ mi ni mo wá. Ẹ̀ka igi náà ṣẹ́ sí mi léjìká, ó lọ ṣẹ́ òmíràn.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ yìnbọn. Wọ́n tọ́ mi pé bí àgbà bá bi mí léèrè, kí n fèsì, èsì ni mo sì ń fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, òun sì ń fi pàṣán dá a padà. Ìgbà tí ara mi ti wú tán ló yé mi pé kò ṣe ìbéèrè náà nítorí kí n dáhùn. Nígbà tó tún bi mí pé ta ló lè mú òun, mo fi eyín di ahọ́n mi mú. Ìbéèrè rẹ̀ wá èsì títí, kò rí i, ló bá padà wọ inú rẹ̀ lọ. Iwin náà jókòó sílẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń rò ó bóyá lóòótọ́ ni ẹnìkan lè mú òun. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìwọ ẹ̀bá fèrèsé, mo ń wò ọ́ o.

Ìlú tí mo kàn ni Ìlú Rékọjá. Gbogbo ará ibẹ̀ ló máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fẹ́ ẹ sínú bàlúùnù. Baálẹ̀ wọn gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní oúnjẹ tí wọn yóò gbé fún mi, bí mo bá jẹ ẹ́ tán, ebi kò ní í pa ọmọ ọmọ mi mọ́ láéláé. Mo tú ìgbànú mi. Àkàrà kan ṣoṣo ni wọ́n gbé wá, ihò sì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo jẹ ẹ́, mo dúpẹ́, mo béèrè ọ̀nà ilé Ìyá Ọ̀rọ̀. Baálẹ̀ mí kanlẹ̀, ó ní ibi tí oòrùn ti ń fọ aṣọ rẹ̀ ni. Ó ní bí ẹyẹ bá gbéra láti ìgbà tó wà nínú ẹyin, ìyẹ́ rẹ̀ á ti funfun kó tó dé ibẹ̀. Mo jókòó, mo ń rò ó pé Ìbídùn yóò ti darúgbó.

Mo ní kí n fi tèmi náà hàn wọ́n. Mo ní èmi Ọdẹ́jìnmí yìnbọn kan nígbà ọmọdé mi, ìró rẹ̀ kò tíì sinmi di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n gbé mi sókè. Nígbà tí wọ́n gbé mi sọ̀kalẹ̀, mo wá sọ òótọ́. Mo ní mo ní ọmọ kan ṣoṣo, kò lè bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, iná fẹ́rẹ̀ẹ́ jó o pa, orúkọ iná náà ló jókòó tó ń dá. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Baálẹ̀ ní láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó, òun kò gbọ́ àsọrégèé tó dára tó bẹ́ẹ̀. Mo búra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo sunkún, wọ́n ní mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀yin ọmọ, ìyà ju ìyà lọ. Kí èèyàn máa sọ òótọ́ inú rẹ̀, kí wọ́n máa yìn ín fún irọ́, èyí dùn mí ju pàṣán Pèsìjẹ lọ. Mo dìde kúrò láàárín wọn láìdágbére. Ẹ̀yìn ilé baálẹ̀ náà gan-an ni ọ̀nà Ìyá Ọ̀rọ̀ wà.

Mo rò pé wàhálà ti tán. Àṣé mo ti wọ ilẹ̀ Ìfohunpènìyàn, níbi tí ohun gbogbo ti ń hu ìwà èèyàn. N kò tíì rìn jìnnà tí ìbọn mi fi sọ̀kalẹ̀ kúrò ní èjìká mi, tó jókòó sábẹ́ igi. Ó ní ó ti rẹ òun. Ó ní òun lòun ń pariwo, èmi ni wọ́n ń yìn. Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Fìlà mi gbè é lẹ́yìn, ó ní orí mi kì í jẹ́ kí òun sinmi, ṣùgbọ́n fìlà kò níbi tí yóò lọ, ló bá ń kùn níbi tó wà. Ọ̀nà pàápàá na ara rẹ̀, ó ní òun ń sùn, kí n má tẹ òun níkùn. Inú ẹ̀gún ni mo ń gbà. Bí ẹ̀gún bá gún mi, á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, bàbá." Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á gún mi, òun náà á ní pẹ̀lẹ́. Mo fi ara ṣẹ̀jẹ̀, mo fi ẹnu ń jẹ́ "ẹ ṣé," títí mo fi bọ́ síta.

Ibi tí mo bọ́ sí ni ilé Ìyá Ọ̀rọ̀. Mo ti ń retí ààfin. Ahéré ni mo bá, ìyá arúgbó kan sì jókòó síwájú rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo tún ohùn mi ṣe, nítorí mo mọ ara mi ní ẹlẹ́nu. Mo ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Kò wò mí. Mo ní ohun tí ojú ń wá ni ojú ń rí. Ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo tún pa òmíràn, mo tún fi òmíràn lé e, àwọn tó jẹ́ pé bí mo bá pa ẹyọ kan nínú wọn ní Ìsàlú, àwọn èèyàn á ṣí fìlà. Òógùn bò mí. Ìyá náà fẹ́ èèpo kúrò nínú igbá rẹ̀ sí mi lójú.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ọmọdé yìí, níbo ni wọ́n ti tọ́ ọ?"

Èmi, ọmọdé? Irùngbọ̀n mi ti funfun nígbà náà. Mo fẹ́ fèsì, mo rántí Pèsìjẹ, mo pa ẹnu mọ́. Ó ní kí n dá òun lóhùn, òun kì í ṣe Pèsìjẹ. Ó ní, "O dé ọ̀dọ̀ mi, ò ń da òwe sílẹ̀ bí ẹni da àgbàdo fún adìyẹ, o kò sì tọrọ àyè lẹ́ẹ̀kan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé ṣe ń pa òwe lójú àgbà nílùú yín?"

Ojú tì mí, inú sì bí mi pọ̀ mọ́ ọn. Nílé, èmi ni wọ́n ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi. Ó ti pẹ́ tí n kò ti jókòó níwájú ẹni tó jù mí lọ, ẹnu mi ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe o, ìyá." Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wò mí. Ó ní, "Wàá rí òmíràn pa. Kí ló dé?"

Mo rò ó fún un bó ṣe rí, láìfi òwe kankan sí i. Ó mú èèpo ẹ̀gúsí kan, ó béèrè bóyá mo lè fi se ọbẹ̀. Mo ní a kì í fi èèpo se ọbẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí kò bá sí èèpo, ẹ̀gúsí ìbá ti bàjẹ́ kó tó dé ọwọ́ òun. Ó ní ọmọ mi kò ṣe ohun búburú tó kọ́ orúkọ ọ̀rọ̀. Èèpo nìkan ló ń jẹ ni. Mo ní kí ó dákun fún mi ní oògùn. Ó ní òun kò ní oògùn.

Sùúrù mi tán. Mo ní wọ́n ti nà mí, wọ́n ti fi ebi pa mí, wọ́n ti fi ẹkún mi ṣeré, ìbọn mi ti kọ̀ mí sílẹ̀, ẹ̀gún ti kí mi pẹ̀lẹ́ títí ara mi fi bó, òun wá ń sọ fún mi pé òun kò ní nǹkan kan. Mo ní kí ni mo fẹ́ gbé dé iwájú ìyá ọmọ mi? Ó jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán.

Ó ní, "Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù..."

Ó dákẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí. Mo rò pé ikọ́ ló fẹ́ wú. Kò wúkọ́. Ó ń wò mí, mo ń wò ó, ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. N kò mọ ìgbà tí mo ní, "Òwe la fi ń wá a."

Ó ní, "Ta ló ní kí o bá mi parí rẹ̀?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni. N kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ní, "Ohun tó bá ti parí ni ọmọ rẹ lè sọ lórúkọ. Máa lọ sílé." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí rẹ̀.

Mo fi gbogbo ọ̀nà bínú bọ̀. Òwe tí mo ti mọ̀ láti ẹ̀yìn ìyá mi! Ṣé òun ni mo tìtorí rẹ̀ jẹ pàṣán? Ìbọn mi ti sinmi tó, ó tẹ̀ lé mi, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ìyá Ìbídùn gba àpò lọ́wọ́ mi, ó gbọ̀n ọ́n, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Kò bú mi. Ó gbé àpò náà kọ́, ó wọlé. Ìbá kúkú bú mi.

Ìbídùn jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti rù. Mo jókòó tì í, mo rántí ohun tí arúgbó náà wí, mo sì ní kí n gbìyànjú rẹ̀. Mo ní, "Ìbídùn, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Ó ní, "Párádọ́ksì," torí pé ohun tó jó kì í lẹ́wà. Àṣé mo ti parí rẹ̀! Mo mú òmíràn, ẹnu mi tún sáré parí rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹni tó ti ń sọ̀rọ̀ ní àsọtán láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kó wá dá a dúró ní àárín, ó le ju kí a dá ẹfọ̀n dúró lọ. Mo gbìyànjú rẹ̀ láti ìgbà tí oòrùn wà lókè títí ó fi sún sí ẹ̀yìn ilé. Mo ń sọ, mo ń parí, ó ń sọ ọ́ lórúkọ. Mo fọwọ́ lu ẹnu ara mi.

Mo wá ṣí fìlà mi. Mo ní, "Bí òkété bá dàgbà tán..." Mo ki fìlà náà bọ ẹnu.

Ìbídùn yíjú sí mi. Ó la ẹnu láti sọ ọ́ lórúkọ. Kò rí odidi kan tó lè sọ lórúkọ. Ó pa ẹnu dé, ó tún là á. Ìyá rẹ̀ yọjú sẹ́nu ọ̀nà, mo fi ọwọ́ dá a dúró. Ìyókù òwe náà ń tì mí lẹ́nu, mo gé fìlà yẹn jẹ débi pé eyín mi já inú rẹ̀. Mo rò pé ó ti tán, n kò ní nǹkan mìíràn tí n óò tún ṣe lórí ọmọ yìí mọ́.

"Ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu."

Ohùn rẹ̀ ha, ó dà bí ilẹ̀kùn tí a kò tíì ṣí láti ọdún tó kọjá. Ó wò yíká, ó rí ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe o, bàbá mi."

Fìlà wà lẹ́nu mi, n kò lè fèsì. Ìyá rẹ̀ ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Wàá rí òmíràn pa, ọmọ mi." Ìbídùn wo ojúgun rẹ̀, ó ní, "Ìyá mi, ẹsẹ̀ ń dùn mí." Ìyá rẹ̀ sáré gbá a mọ́ra, ó ń sunkún, Ìbídùn náà ń sunkún, kò sì sẹ́ni tó sọ ẹkún náà lórúkọ.

Ó tún ìdánwò náà ṣe, ó yege. Kò sọ èèpo nù, ó ń bó o ni. Ẹ wo ẹsẹ̀ olùkọ́ yín lẹ́yìn lọ́hùn-ún, bí ó bá jẹ́ kí ẹ rí i. Ẹ wò ó bó ṣe ń fa yẹ̀rì bo ojúgun. Èmi ni òkété tó dàgbà. Ilé rẹ̀ ni mo ti ń jẹun báyìí. Bí mo bá ní kò sí irú ọbẹ̀ rẹ̀ láyé lọ́run, á ní, "Hàípábólì, bàbá," á rẹ́rìn-ín, á sì bu ẹran kún un.

Ó ti rẹ̀ mí, ìwọ ẹ̀bá fèrèsé sì tún ti mú bíró. Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ má kọ ọ́, ẹ má sọ ọ́ lórúkọ. Fìlà mi nìyí. Bí mo bá ti sọ ọ́ dé àárín, màá kì í bọ ẹnu, n kò sì ní í yọ ọ́ títí n óò fi gbọ́ ohùn yín.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí...